Ewú Orí Ràmátù

Bantè, ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Láti Koko dé Akpassi, kò sí àgbà tó ní irú fóònù tí mo rà ní Savalou. Èmi tí n kò kàwé púpọ̀, ọkọ́ àti kajú ni mo fi rà á.

Lónìí ni Ràmátù ọmọ mi kọ́kọ́ pè mí lórí rẹ̀ láti Libreville, lójúkojú. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá olówó, ẹ gbé e jìnnà díẹ̀, imú yín nìkan ni mò ń rí!"

Mo gbé e jìnnà. Mo rí ewú lórí ọmọ mi.

Fóònù yìí ń fi ohun tó ju èyí tí mo fẹ́ rí lọ hàn mí. Èyí kékeré tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, ohùn Ràmátù nìkan ló ń gbé wá, ohùn náà ò sì gbó. Òun ló máa ń jókòó lẹ́yìn mi tu ewú mi kó tó lọ sí Libreville. Ta ló ń tu tirẹ̀ níbẹ̀?

N kò mọ ìgbà tí mo nawọ́ sí orí rẹ̀. Ìka mi kan dígí fóònù, ni ìpè náà bá já.

Ó tún pè: "Bàbá, ṣé ẹ bínú ni?"

Mo ní rẹ́só tó ń gbé ìpè ni kò dára. Bí mo bá sọ òótọ́, ẹkún ni yóò sun, èmi náà sì...