Ọ̀já Lára Ọgbà Ilé Ìgbẹ̀bí

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí mo jogún orí kunkun yín,

Ayọ̀ ni mo fi gbé kálàmù lónìí, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Wọn kò ní ti yàrá ìgbẹ̀bí wa ní Bantè mọ́. Ìwé dé láti ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá wa ní Savalou láàárọ̀ yìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún gbé e lọ fún olùkọ́ ilé ìwé àwọn fadá kó bá mi kà á, kí Faransé má baà tàn mí jẹ. Ibùsùn méjèèjì dúró. Èmi náà dúró. Wọn yóò tilẹ̀ kọ́ yàrá kan kún un. Mo jó yí abọ́ omi gbígbóná mi ká. Ká ní ẹ rí mi ni, ẹ̀rín ì bá pa yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi fúnra mi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í pa. Èmi, àti ẹ̀yin náà díẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe bí àlejò bá béèrè iye ọmọ yín? Ẹ ó tún gèlè yín wé, ẹ ó ní wọ́n wà nílé, ẹ ó sì sáré bu omi fún un kó lè gbàgbé ìbéèrè rẹ̀. Bí ẹ bá ń pín iṣu, ẹ kì í kà wá, ojú wa lẹ máa ń wò. Ọjọ́ tí mo ti ilé ìwé dé, tí mo ń fìka tọ́ka sí àwọn àbúrò mi, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ gbá mi lẹ́nu. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí lọ.

Nítorí náà, bí obìnrin bá bímọ lọ́dọ̀ mi, tí ìyá ọkọ rẹ̀ wo ìwé ńlá tí à ń kọ ọmọ tuntun sí lórí tábìlì, tó sì wo ojú mi, mo máa ń pa ìwé náà dé. Orúkọ wo ni mo fẹ́ kọ fún ọmọ tí wọn kò tíì sọ lórúkọ? Mo rò pé àánú ni mò ń ṣe. Ọmọ ń ké, ìyá ń rẹ́rìn-ín, ìwé wà ní funfun báláú.

Lẹ́yìn ìkórè, dókítà àgbà tó ń ṣètò àwọn ilé ìwòsàn agbègbè yìí wá, ó sì ṣí ìwé mi. Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kàn gbà pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bímọ ní Bantè, pé kí wọ́n kó ibùsùn méjèèjì àti èmi lọ sí Savalou, kí aboyún máa wọ ọkọ̀ akẹ́rù wá bá wa níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù! Lójú ọ̀nà tó ń gbọn iṣu dànù! Mo ronú kan àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti oko Bobè, tí ọmọ ti fẹ́ yọrí kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi fún mi ní oṣù kan láti fi ẹ̀rí hàn án.

Ẹkún ni mo sun dé ilé Ìyá Bobè, ọ̀rẹ́ yín, ẹni tí kò jẹ́ kí n kọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kankan sílẹ̀ rí. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó ń pa ẹ̀gúsí, ó jẹ́ kí n sunkún tán.

"Ọmọ la kì í kà," ló wí. "Ta ló ní ká má ka ọ̀já?"

Màmá, bí dókítà ṣe padà dé, gbogbo obìnrin tó ti bímọ lọ́wọ́ mi ló ti wà níbẹ̀. Wọ́n so ọ̀já tí wọ́n fi ń pọnmọ mọ́ ọgbà igi wa, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọgbà kún, wọ́n so ìyókù mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò. Aláró, pupa, èyí tí eku ti jẹ létí. Àwọn ọmọ ń sáré kiri, kò sẹ́ni tó kà wọ́n. Dókítà ń fọwọ́ kan ọ̀já lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á ní Faransé. Ìyá Bobè ń tẹ̀ lé e, ó ń ṣọ́ ọ kí ìka rẹ̀ má ṣèèṣì yà sọ́dọ̀ ọmọ ẹnì kankan. Ní báyìí, ìlà kan ni mò ń fà sínú ìwé fún ọ̀já kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá ọkọ sì máa ń dúró wò ó bóyá ó gún.

Ó dùn mí pé ẹ kò sí níbẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ì bá so tiyín? Àbí ẹ ó ti bínú lọ sílé?

Mo ti dáhùn fún yín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo ṣí àpótí tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo mú ọ̀já tí ẹ fi pọ̀n mí, mo so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà. Orí ẹní nínú ilé wa lẹ bí mi sí, kò tilẹ̀ sí ilé ìgbẹ̀bí nígbà náà. Dókítà kà á mọ́ wọn, mo sì jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́, Màmá. Irun mi ti ń funfun, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba, mo wà lára àwọn ọmọ tuntun Bantè.

Èmi ni, pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò lónkà,
ọmọ yín obìnrin, agbẹ̀bí Bantè.