Ọ̀nà Ìkọ́ni Tí Wọ́n Pè Ní Ìwà Ọ̀lẹ

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó mú bírò. Ìwádìí tí mo ń ṣe fún oyè kejì ní yunifásítì ti parí, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń kọ́ni ní ìṣirò ní Owódé? Ẹ ó ṣàlàyé díẹ̀, ẹ ó ní kí ọmọ tó ti yé kọ́ èyí tí kò tíì yé, ẹ ó wá gbé àga síta, ẹ ó máa bó ọsàn jẹ. Wọ́n pè yín ní ọ̀lẹ títí wọ́n fi gbé yín lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní Itori. Èmi náà gbà wọ́n gbọ́, Bàbá. Ojú máa ń tì mí nítorí yín. Kí ló dé tí ẹ ò gbèjà ara yín rí?

Mo fi ọ̀nà mẹ́ta wéra ní kíláàsì mẹ́ta nínú ilé ẹ̀kọ́ kan: kíkọ sójú pátákó, fídíò orí fóònù, àti tiyín. ANOVA ni wọ́n ń pe ìṣirò tí mo lò. Ọmọ kíláàsì kan náà kì í gba máàkì kan náà, nítorí náà ó máa ń wò ó bóyá ìyàtọ̀ kíláàsì sí kíláàsì ju ti ọmọ sí ọmọ lọ, kí èèyàn má baà pe oríire ní ọgbọ́n.

Nígbà àkọ́kọ́, kò rí ìyàtọ̀ gidi kankan. Mo ní àbí òótọ́ ni wọ́n sọ nípa yín.

Àṣé èmi ni mo bà á jẹ́. Mo fi Táíwò sí kíláàsì tiyín, mo fi Kẹ́hìndé sí ti fídíò. Ta ló ń ya ìbejì? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò: Táíwò ń kọ́ Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé ń kọ́ gbogbo kíláàsì rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Ọ̀nà yín ti ràn ká ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ní taamu tó tẹ̀ lé e, mo lo àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà síra wọn, mo sì ṣẹ́ kèké láti mọ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa lò. Bàbá, tiyín borí, ó borí dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì bi mí pé ta ló ni ọ̀nà kẹta. Mo dìde, mo pe orúkọ yín pẹ̀lú ti baba yín. Ó ti wà ní ẹ̀yìn ìwé ìwádìí mi báyìí, níbi tí mo to orúkọ àwọn tí mo gba ọgbọ́n lọ́wọ́ wọn sí, láàárín orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n méjì.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó mọ̀ yín.