Àwọn Ọjọ́ Tí Mo Bá Yín Kọ

Bàámi,

Ẹ má wá ìwé ìwádìí ẹ̀dọ̀ yín, èyí tí ẹ ń kọ bí ara yín ṣe rí sí lójoojúmọ́, lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ti ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè dúró kí ẹ jí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í gbé jẹ́ẹ́ níwájú àyè òfìfo. Mo rò ó bí àlọ́ inú ìwé ìròyìn tí a máa ń fi ọ̀rọ̀ dí àwọn àyè rẹ̀, mo sì kọ "Ara mi le" sí gbogbo wọn. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ó bára mu.

Láàárọ̀ yìí ni Màámi rí i. Wọ́n ní, "Ọ̀gbẹ́ni ọ̀mọ̀wé, àwọn ọjọ́ tí bàbá rẹ ò lè gbé bírò nìyẹn."

Ẹ ti ń sọ pé bí ẹ̀dọ̀ yín ò bá tiẹ̀ sàn, kó kọ́ àwọn dókítà bí wọ́n á ṣe wo ti ẹlòmíì. Irọ́ ni mo wá fi kọ́ wọn, mo sì ń lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá yọ yín kúrò nínú ìwádìí náà, èmi ni mo fà á.

Oògùn yín wà lórí tábìlì pẹ̀lú omi. Mo fi abala ìwé kan síbẹ̀ fún tòní. Bí ọwọ́ yín ò bá lè gbé bírò, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ kàn án.