Ta Lo Ń Pè Ní Ìwọ?

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé bàtà iṣẹ́ tó ń bó ọ lẹ́sẹ̀ ti rọ̀? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdúró, ọ̀tá ò ní rí ọ gbé ṣe. Mo ní kí n ṣe àdúrà yìí tán ná, torí bí mo bá kọ́kọ́ bínú, n ò ní rántí àdúrà kankan mọ́. Ó yá, mo ti ṣe é tán. Inú ń bí mi sí ọ, ọmọ yìí! Inú ń bí mi débi pé mo fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ ibùsùn méjì nílé ìwòsàn lánàá, èmi tí mo ti ń fọṣọ tí mo sì ń lọṣọ fún wọn láti ìgbà tí o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, tí n ò jó ẹyọ kan rí.

Gbogbo ilé wà ní àlàáfíà. Àbúrò rẹ ti bímọ, obìnrin ni, imú rẹ ló gbé wá, a ṣì ń bẹ Ọlọ́run lórí ìyẹn. Ìròyìn ilé tán.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé rédíò mi lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún rédíò ṣe, ló bá ní, Ìyá Ọlọ́pàá, ẹ wá wo ọmọ yín nínú fóònù. Inú mi dùn, mo tún ìborí mi wé kí o má baà rí mi ní jákujàku. Mo yọjú wo inú rẹ̀, ìwọ ni lóòótọ́, o dé akoto, o gbé gíláàsì fèrèsé ńlá kan dání, n ò mọ ilé ẹni tí ẹ ti lọ yọ ọ́. Àwọn èèyàn ń wọ́de, wọ́n ní kí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn àdúgbò wọn tí wọ́n tì pa. Obìnrin kan dúró níwájú rẹ, irun rẹ̀ funfun ju tèmi lọ, ó wọ awò ojú, ó gbé páálí sókè. Mo rò pé o fẹ́ kí i ni. O ní, Ìwọ ìyá yìí, kúrò lójú ọ̀nà, àbí orí rẹ ò pé ni? O fi gíláàsì yẹn tì í, ó ṣubú, awò ojú rẹ̀ fò sínú gọ́tà.

Mo pariwo sí ọ pé kí o gbé e dìde, o ò dá mi lóhùn. Bàbá onírédíò tún tẹ fóònù, o tún tì í. Àwọn oníbàárà wọlé, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ rí i, ó tún tẹ̀ ẹ́, o tún tì í. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lo ti obìnrin yẹn ṣubú lójú mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Kò tiẹ̀ rẹ̀ ọ́? Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ìyá àgbà náà lè sinmi.

Títì yẹn dùn mí, àmọ́ "ìwọ" yẹn ló gún mi lọ́kàn. Ta lo ń pè ní ìwọ? Ṣé "ẹ" wúwo lẹ́nu ju gíláàsì tí o gbé lọ ni? Nígbà tí o kéré, "ẹ" lo fi ń bá ewúrẹ́ ilé kejì sọ̀rọ̀. Ìjọba ló fún ọ ní akoto, àmọ́ orí tó wà lábẹ́ rẹ̀, èmi ni mo bí i.

Ni mo bá gbéra, ó di tésàn, mo ní mo wá fi ọ́ sùn. Ṣòkòtò sájẹ́ńtì tí mo bá níbẹ̀ ní àbùlẹ̀ méjì, àmọ́ bó ṣe rí mi ló dìde, ó gbé àga fún mi, ó ní, Ẹ jókòó, mà, kí la lè bá yín ṣe? Mo ní ọlọ́pàá kan ti àgbàlagbà ṣubú. Ó ní ta ni. Mo ní ọmọ mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó panu mọ́, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ibi tí wọ́n ti béèrè bí mo ṣe mọ ẹni tí mo fẹ̀sùn kàn, mo kọ ọ́ pé, Oṣù mẹ́sàn-án ló lò nínú mi. Ibi tí wọ́n ti béèrè ẹlẹ́rìí, mo kọ Ọlọ́run. Sájẹ́ńtì ní àdírẹ́sì ńkọ́, mo ní ibi gbogbo. Wọ́n ní kí n sàmì sí akọ tàbí abo, mo sàmì sí méjèèjì, torí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Sájẹ́ńtì wá tẹrí ba, ó fi àpá kan hàn mí lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó ní ìgò ni wọ́n sọ lu òun níbi ìwọ́de kan, òun tí òun dúró jẹ́ẹ́, ẹnì kan tún tutọ́ sí òun lójú, òun nù ún, òun ò sọ nǹkan kan. Ó ní kò sí ìyá ẹnikẹ́ni tó wá bẹ òun. Inú tún bí mi, mo ní kó fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn kí n fi ẹni tó tutọ́ náà sùn. Ó ní ó ti tó ọdún mọ́kànlá. Mo bẹ̀ ẹ́ lórúkọ gbogbo ìyá tí kò wá.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé wọ́n lè dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ṣebí owó oṣù rẹ ni mo fi ń jẹun, ó ní kí n lọ sùn, kí n rò ó wò. Ọmọ mi, n ò ní purọ́ fún ọ, mo kọ́kọ́ gbé bírò sílẹ̀. Àmọ́ mo rántí bí obìnrin yẹn ṣe ń fọwọ́ ra ilẹ̀ kiri bí afọ́jú, tí ìwọ dúró tì í tí o ń wo ibòmíràn. Mo fọwọ́ síwèé náà, mo tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má baà ní kì í ṣe èmi. Ó ti lọ sí ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá yín.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá onírédíò tún rí i nínú fóònù pé àwọn oníròyìn lọ bá obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aránṣọ ni. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára pátákó ìta, a dà á kọ, mo pè é. Mo ti kúnlẹ̀ kó tó gbé e, mo gbé fóònù sórí àga kó lè ga jù mí lọ. Mo ní, Èmi ni ìyá ọlọ́pàá tó tì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ó ní kí n dìde. Mo ní ta ló sọ fún un pé mo kúnlẹ̀. Ó ní ohùn mi ni.

Ó wá jẹ́wọ́ fún mi pé ọwọ́ òun náà ò mọ́. Ó ní kí o tó ti òun, òun ti pè ọ́ ní ajá ìjọba, òun sì ní ọmọ tí kò níyàá ni ọ́. Ìyẹn ò sí nínú fóònù! Orí mi gbóná lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Mo ní, Mà, èmi rèé, ẹ ò lè máa pa mí kú láàyè. Ó ní òótọ́ ni, ojú ti òun, inú ló bí òun, òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ilé ìwòsàn tí wọ́n tì yẹn ni òun ti ń gba oògùn. A jọ sunkún títí owó orí fóònù mi fi tán, òun ló pè mí padà ká lè sun ẹkún náà parí.

Ó ní òun ò gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi, torí èmi kọ́ ni mo ti òun. Ìwọ ni kí o wá. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá dé, ó ní òun náà á kó ọ̀rọ̀ òun jẹ níwájú rẹ.

Nítorí náà, wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ lọ, kó gún régé, má wọ aṣọ ilé yọ́ wọlé bí olè. Gbangba lo ti tì í, gbangba ni kí o ti bẹ̀ ẹ́. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá pè ọ́, sọ òtítọ́, má sọ pé wọ́n pàṣẹ fún ọ, kò sí àṣẹ tó ní kí o pe àgbà ní ìwọ. Bí wọ́n bá sì tún bú ọ níbi ìwọ́de, jẹ́ kó kọjá, èébú kì í lẹ̀ mọ́ni lára.

Ní ti owó, toṣù yìí, fi ra awò ojú fún un ná. Bí ó bá ṣẹ́ kù, fi tèmi ránṣẹ́, torí orókùn ń dùn mí, èédú áyọ́ọ̀nù sì ti wọ́n. Má fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mọ́. Èyí tí o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo tú fóònù náà palẹ̀, mo yọ bátìrì rẹ̀, n ò rí owó kankan níbẹ̀. Fi rán dírẹ́bà ọkọ̀ èrò tó bá ń bọ̀ níhìn-ín.

Bí ó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta tí o kò tíì lọ, mo ń bọ̀ ní bárékè yín. Màá dúró lẹ́nu géètì, màá máa kí gbogbo ọ̀gá rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì máa sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn.

Inú ṣì ń bí mi o. Síbẹ̀, ọmọ mi ni ọ́. Ọlọ́run ò ní fi ọ́ ṣe ìkà. Ọwọ́ tí mo dì mú nígbà tí o ń kọ́ ìrìn, kò ní ti ẹnikẹ́ni ṣubú mọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Alágbàfọ̀.