Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì, Aránṣọ Tí Ó Fi Ọ̀pọ̀ Ọdún Wá Géèmù Ọmọ Rẹ̀

Ní ọdún 1944 ni a bí ìyá wa, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Bàbá wọn ni ó ń gé aṣọ, ìyá wọn ni ó ń rán an, àwọn aládùúgbò a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ilé náà kì í sùn bí kò bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Màmá ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Àwọn mẹ́rin yòókù ti ṣáájú wọn lọ.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì fẹ́ kà sí i, ṣùgbọ́n ojú bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ọwọ́ Màmá ni àlùmọ́gàjí bọ́ sí, wọn kò sì sọ ọ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin àdúgbò ni ó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn tí ó sì ń fi jẹun títí dòní.

Ní ọdún 1966, wọ́n fẹ́ bàbá wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ó ń tún aago ṣe ní òdìkejì títì. Aago kan ṣoṣo ni Màmá gbé lọ sọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ó tó ìgbà mẹ́rin tí aago náà “bà jẹ́” kí ọkùnrin náà tó lè la ẹnu. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Àkọ́bí wọn ni ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Onímọ̀. Ní ọdún 1983, Bàbá gba kọ̀ǹpútà kékeré kan lọ́wọ́ oníbàárà tí ó ń kó lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ̀rọ náà kò ju páálí bàtà lọ. Tẹlifíṣàn ni wọ́n ń so ó mọ́, inú kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin, ni géèmù rẹ̀ sì ń gbé. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ń yí, yóò máa han gooro bí ẹyẹ tí wọ́n há mọ́ inú agolo, lẹ́yìn náà ni àwòrán yóò jáde. Kò pẹ́ tí Onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ géèmù tirẹ̀. Ní ọdún 1985, ó parí ọ̀kan: ewúrẹ́ kan wọ àgbàlá, ó ń jẹ aṣọ oníbàárà lórí okùn, aránṣọ kan sì ń fi bàtà lé e kiri.

Màmá wò ó, wọ́n ní, “Ta ni obìnrin onídìí ńlá yìí?”

Ẹ̀gbọ́n wa ní, “Ẹ̀yin ni, Màmá. Mo tiẹ̀ jẹ́ kí ẹ yára ju bí ẹ ṣe ń yára lọ.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n gbá géèmù náà. Ewúrẹ́ jẹ gbogbo aṣọ tán. Wọ́n ní àwọn yóò mú un lọ́jọ́ mìíràn.

Ní ọdún 1986, àìsàn òjijì mú ẹ̀gbọ́n wa lọ. Bàbá kò lè wo yàrá rẹ̀. Nígbà tí Màmá wà lọ́dọ̀ ìyá wọn, níbi tí wọ́n ti ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, Bàbá kó kọ̀ǹpútà, ìwé àti gbogbo kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí ń kó pàǹtírí. Màmá padà dé, ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n bá. Àwa ọmọ kò gbọ́ ariwo. Ohun tí a gbọ́ burú ju ariwo lọ: “Bàbá Onímọ̀, ṣé ẹ kó ti ewúrẹ́ yẹn náà lọ?” Wọ́n jọ gbé títí Bàbá fi kú ní ọdún 1997, wọn kò sì dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Lẹ́yìn ikú Bàbá ni Màmá rántí pé ẹ̀gbọ́n wa ti ṣe ẹ̀dà géèmù náà fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti ojúlé dé ojúlé, àti ní ìdí àwọn tí ń ta ẹrù àlòkù. Wọ́n rí irú kọ̀ǹpútà náà rà. Atún-rédíò-ṣe àdúgbò, tí ó di àbúrò fún wọn, kọ́ wọn bí a ṣe ń fi òwú nu ojú ẹ̀rọ, bí a ṣe ń ká okùn kásẹ́ẹ̀tì tó fọ́ sínú òmíràn, àti bí a ṣe ń gbé ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà òde òní kí ó má bàa parun. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n ń kó kásẹ́ẹ̀tì wá láti inú àjà àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orúkọ Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì sì mọ́ Màmá lórí. Géèmù tí ẹni tó kọ ọ́ gan-an ti gbàgbé, Màmá yọ ọ́ lẹ́nu ikú. Awakọ̀ tírélà kan wà tí ó kọ géèmù ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó rí i lójú tẹlifíṣàn, ó di ọwọ́ Màmá mú, ó ní, “Màmá, àfi bí ẹni pé ọmọ mi tó kú ni ẹ jí dìde fún mi.” Kò mọ ohun tí ó sọ. Màmá ní kò tọ́pẹ́. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, wọn kò rán nǹkan kan.

Ní ti ìgbàgbọ́, wọn kì í pa ìjọsìn jẹ, ṣùgbọ́n láti ọdún 1986 wọn kò kọrin níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ohùn àwọn há. A mọ̀ pé kò há.

Ní ọdún 2019, nọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ọmọ kíláàsì ẹ̀gbọ́n wa rí kásẹ́ẹ̀tì kan nínú ẹrù bàbá rẹ̀ tó kú, ó sì gbé e wá fúnra rẹ̀. Ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n wa ni ó wà lára rẹ̀. Omi ti wọ inú rẹ̀, ó ti bu. Atún-rédíò-ṣe rọra nu ún, gbogbo wa sì kún yàrá. Kásẹ́ẹ̀tì yí, ó han, àgbàlá ilé wa àtijọ́ yọ: ògiri, okùn aṣọ, ewúrẹ́ kan lórí ìdúró. Aránṣọ kò jáde. Géèmù náà kò kọjá ibẹ̀.

Màmá ní, “Tún un yí.”

Atún-rédíò-ṣe ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Bó ṣe ń yí yìí, ara rẹ̀ ló ń bó. Ìwọ̀nba tó kù náà lè lọ.”

“Mo ní kí o yí i.”

Wọ́n yí i títí tí ohùn rẹ̀ fi di èéfín, tí kò ku nǹkan kan bí kò ṣe ìyẹ̀fun pupa lára òwú. Ohun tí a rí gbà pamọ́ kò ju àgbàlá àti ewúrẹ́ lọ. Màmá tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní, “Mo rí ewúrẹ́. Èmi gan-an ni mi ò rí.”

Wọn kò tan ẹ̀rọ náà mọ́. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé kásẹ́ẹ̀tì wá. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń tò ó sí. Ní ọdún 2023, lẹ́yìn àìsàn ọkàn, Màmá dákẹ́.

Wọ́n fi ọmọ méjì sílẹ̀, ọkùnrin kan tí ó jẹ́ káfíńtà àti obìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́; ọmọ-ọmọ mẹ́rin; àti atún-rédíò-ṣe tí a kà kún ìdílé. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn géèmù tí Màmá gbà là wà, ọwọ́ náà sì ti ń gbọ̀n. A kò ní purọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn: kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Ìyá wa, a kò rí ọ̀rọ̀ fi tù yín nínú nígbà tí ẹ wà láyé, a kò sì rí èyí tí a ó fi tu ara wa nínú báyìí. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa, ẹ sọ fún un pé ẹ wá a.

Ó dàárọ̀ o, Màmá.