Ẹ Má Ta Ìsọ̀ Pákó Wa, Ọmọ Yín Ti Mọ Igi Óákù

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìtọ́jú orúnkún. Mo kúnlẹ̀ kí yín o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìrọ̀rí ni mo kúnlẹ̀ sí, torí sìmẹ́ǹtì ilé tí à ń gbé ní Sharjah yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dín dòdò lọ́sàn-án. Màámi, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo kí gbogbo ará ìsọ̀ pákó ní Ṣàgámù, àtọmọdé àtàgbà. Bàbá Kékeré, mo kí ẹ̀yin náà. Ẹ̀yin gan-an ni lẹ́tà yìí kàn jù, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kí tẹrútọmọ lè kà á.

Bàbá mi, àbúrò yín, Bàbá Kékeré, pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ẹbí ti jókòó, pé orúnkún yín ò jẹ́ kí ẹ lè dúró ti oníbàárà mọ́, ẹ ò sì bí ọmọkùnrin, kí wọ́n yáa ta ìsọ̀ náà kó tó di Kérésì. Mo ní èmi ńkọ́? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní obìnrin ò mọ igi, ohun tí obìnrin mọ̀ nípa igi ò ju kó fi dáná lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Mo sunkún, kí n má purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sunkún tán, mo fọ ojú mi, mo sì gbé bírò.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń ta gẹdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Industrial Area. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni kí n máa fi ọ̀dà kọ àmì sí ìdí ìtì igi. Oòrùn ibí kì í ṣe oòrùn tiwa o. Àárọ̀ kùtù ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, omi inú ike ti tó fi pò ẹ̀kọ. Bedspace, ibùsùn kan nínú yàrá elérò púpọ̀, ni mo ń sùn, èmi àtàwọn ọmọ Kenya àti Philippines. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, àmọ́ kò sí ẹni tí mo lè bá fi Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí àárò ilé bá ti fẹ́ pa mí, mo máa ń wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Jebel Ali, kí n lè gbọ́ kí ẹnì kan pè mí ní Àbẹ̀ní bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é.

Igi tó ń wọlé sí wa jù ni óákù. Ẹ rántí, igi tí pásítọ̀ máa ń pè lórí pẹpẹ, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rí. Ó ń ti òkè òkun wá nínú kọ̀ntínà, tòun tèèpo lára. Oríṣi méjì ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, funfun àti pupa. Funfun kì í gbomi sára, òun làwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi onígi ṣe máa ń wá rà. Pupa dára fún tábìlì àti àga, àmọ́ ó ń mu omi. Ẹni tó bá fi pupa ṣe ìdí ọkọ̀, ó ti fi àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà ta omi lọ́rẹ.

Lọ́jọ́ kan, kọ̀ntínà kan dé tí omi iyọ̀ ti fọ gbogbo àmì ara igi inú ẹ̀ dànù. Fóòmánù wa dúró, ó ń họrí. Ni èmi ọmọ onípákó bá gbẹ́nu sí i. Mo ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe: mo fi àdá bó èèpo ìtì kan, mo wo ara rẹ̀, mo tún fahọ́n tọ́ ọ wò. Ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo pariwo pé pupa ni, bí ẹni rí ọ̀gànwó! Fóòmánù ò bá mi jiyàn. Ó rẹ́ pénpé lára ìtì náà, ó ki ìdí rẹ̀ kan bọ omi ọṣẹ, ó fẹnu fẹ́ ìdí kejì. Ká ní pupa ni, atẹ́gùn ì bá kọjá kí ọṣẹ sì hó, àmọ́ kò kọjá rárá. Funfun ni. Ẹ̀rín ta. Ó ní khalas, ó ti parí, kí n padà sídìí ọ̀dà mi.

Ojú tì mí, àmọ́ ẹ mọ̀ mí, mi kì í gbà bọ̀rọ̀. Mo bi fóòmánù pé kí ló dé tí a ò kúkú máa fẹ́ gbogbo ìtì bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀gá ò gbà, torí ìtì tí wọ́n bá ti gé kúrú, oníbàárà á ní kí wọ́n dín owó. Gul, ará Pakistan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló wá là mí lójú. Igi óákù wà lórí òkè abúlé wọn, ewúrẹ́ wọn ń jẹ ewé rẹ̀. Ó ní kí n fi inú igi sílẹ̀, kí n kọ́kọ́ mọ òde rẹ̀. Ó ní óákù tó bá wù kó jẹ́, èso rẹ̀ á dé fìlà.

Láti ìgbà náà, táwọn yòókù bá ń sinmi, inú kọ̀ntínà lẹ ti máa bá mi, mò ń ṣa ewé àti èso nílẹ̀. Ewé óákù funfun ní ẹ̀ka róbótó róbótó, kò gún èèyàn. Ti pupa ṣe ṣóńṣó, irun wẹ́rẹ́ wà lórí ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan. Èso óákù pupa, fìlà rẹ̀ pẹlẹbẹ, bí ẹ bá fọ́ èèpo rẹ̀, inú rẹ̀ ní irun múlọ́múlọ́. Ti funfun ń dán nínú, kò sì ní sùúrù: òmíràn ti yọ gbòǹgbò nínú kọ̀ntínà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa! Èèpo igi ló wá pẹ́ mi jù. Ti funfun rí bí eérú, ó ń ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ti pupa dúdú jù bẹ́ẹ̀, ìlà gbọọrọ tó ń dán sì máa ń gba ara rẹ̀ lọ sókè.

Báyìí ni baba Lárúbáwá kan tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe wá ra funfun. Fóòmánù to ìtì sílẹ̀ fún un. Mo rí ọ̀kan láàárín wọn tí èèpo rẹ̀ dúdú, tí ìlà tó ń dán gba ara rẹ̀. Mo ní èyí kì í ṣe funfun. Fóòmánù fa ewé kan yọ lábẹ́ èèpo rẹ̀, ewé róbótó róbótó, ó nà án sí mi lójú. Lóòótọ́, ewé funfun ni. Mo ní ọ̀gá, àlejò lewé yẹn, inú kọ̀ntínà ló ti bá wọn pàdé, èèpo ló jẹ́ awọ ara igi. Ariwo pọ̀ títí ọ̀gá àgbà fi jáde sí wa. Ó ní òun á jẹ́ kí wọ́n gé e, àmọ́ tí mo bá ṣì í, òun ò ní tún físà mi ṣe, kí n máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Bàbá mi, mo tún wo èèpo náà. Mo rántí ọ̀rọ̀ Bàbá Kékeré, mo sì rí i pé bí mo bá dákẹ́, òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ní yalla, ó yá, ẹ gé e.

Baba ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ló gba èyí tí wọ́n gé, ó ki ìdí rẹ̀ kan bọ omi ọṣẹ, ó fẹnu fẹ́ ìdí kejì. Ọṣẹ hó yẹ́ẹ́, pupa ni! Gul pàtẹ́wọ́. Fóòmánù fọwọ́ bo orí, ó ní òun gbà. Baba yẹn ní àwọn ọmọ òun ló ń wọ ọkọ̀ yẹn lọ sójú òkun, pé láti òní lọ, ìtì tí ọwọ́ mi ò bá kàn, kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá fún òun. Ọ̀gá tún físà mi ṣe, yíyan igi sì ni iṣẹ́ mi báyìí.

Nítorí náà, mi ò ní lè wálé ní Kérésì yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Ṣùgbọ́n ẹ má ta ìsọ̀ náà. Ẹ fún Màámi ní kọ́kọ́rọ́. Ta ló ń bá yín to pákó láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e níyàwó? Ta ló ń mọ̀ tí wọ́n bá fi igi oníkòkòrò tàn yín? Obìnrin tó mọ igi ti wà nínú ilé yín kí wọ́n tó bí mi, gbogbo wa kàn ń pè é ní Màámi ni.

Bàbá Kékeré, ẹ má bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí mo bá dé, ẹ to gbogbo igi tó bá wù yín sílẹ̀, ẹ pe ẹbí jọ, kí ẹ dán mi wò. Bí mo bá kùnà, ẹ tà á lójú mi.

Bàbá mi, Olúwa á fún orúnkún yín lágbára, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Màámi, ẹ ò ní fi ọwọ́ yín sin èmi, èmi ni màá fọwọ́ mi sin yín lọ́jọ́ alẹ́ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bí ẹni tó fẹ́ ra ìsọ̀ náà bá tún wá, ẹ sọ fún un pé ẹni tó ni ín ti rìnrìn àjò, ó ń bọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀ní Onípákó.