Irin Mẹ́ta Tó Ń Dún Bákan Náà

                                        Yàrá òkè,
                                        Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wa,
                                        Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ẹsẹ̀ tó ń ro yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbóògùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọkọ yín tí kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni béèrè àlàáfíà òun? Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ìlara ló ń dà mí láàmú. Ẹ má sọ fún màmá wa.

Ẹ rántí pé Ọ̀gá wa fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wọ òun lọ́kàn jù lòun máa fi ilé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ta ló tún kù bí kò ṣe èmi? Ṣebí èmi ni wọ́n ń pè ní Elétí-Ehoro! Ohun èlò orin onírin la ń ṣe. A ó máa ha irin pẹlẹbẹ títí ohùn rẹ̀ yóò fi bá ti èkejì mu rẹ́gí, tí kò ní gbọ̀n rárá. Dùùrù tó wà nílé yín ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti yẹ ohùn tirẹ̀ díẹ̀ kó lè gba gbogbo orin. Mo to tèmi ní ọ̀wọ́ kan gbọọrọ, láti ohùn ìsàlẹ̀ dé tòkè. Ó gún régé.

Afínjú ńkọ́, ẹni tí èmi fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ha irin, tó ń nu tábìlì kó tó jókòó, tó tún ń nù ún bó bá dìde? Ó to irin mẹ́sàn-án ní ìlà mẹ́ta, mẹ́ta lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó wá dá gbogbo rẹ̀ dúró lórí igun kan. Bí ẹ bá gba ọ̀tún gòkè, tí ẹ lu mẹ́ta pọ̀, ohùn ayọ̀ ni. Bí ẹ bá gba òsì, ohùn ìbànújẹ́ ni. Ayọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìbànújẹ́ tó kọjú sí i, bí ojú èèyàn nínú dígí.

Nígbà tó lọ jẹun, mo yọ́ lọ síbẹ̀, mo lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́ta tó wà láàárín, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bákan náà ni wọ́n ń dún! Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo dúró kó dé, mo pe Ọ̀gá lójú gbogbo wa, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo irin tí Afínjú fi ṣòfò. Ohùn kan ṣoṣo ló ṣe lẹ́ẹ̀mẹta!"

Ọ̀gá lù wọ́n, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Elétí-Ehoro, ìwọ náà? Yọ ọ̀kan nínú wọn, kó o tún un lù."

Mo yọ ọ̀kan. Ohùn ayọ̀ kan ò pé mọ́, ìbànújẹ́ tó kọjú sí i náà ò pé mọ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé ni mo yọ kúrò. Ká ní àwọn mẹ́ta yẹn ò dún bákan náà ni, ìyẹn gan-an ni ìbá jẹ́ àṣìṣe. Afínjú wá ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n, ó máa ń ṣeé ṣì." Ẹ sì mọ̀ pé pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo.

Èyí tó burú jù ni pé nǹkan náà dùn. Ká ní ó ń dún bí ìkòkò fífọ́ ni, ǹ bá ti dárí jì í.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gá ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà tó wà lọ́wọ́ mi wá, ó sì fún Afínjú. Lánàá, mo tètè lọ síbi iṣẹ́ bí ìṣe mi, kẹ́nikẹ́ni tó dé. Mo dúró níta, mo gbé oúnjẹ mi dání, mo ń retí kí Afínjú wá ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá béèrè mi, ẹ ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ẹ mọ̀,
                                        Elétí-Ehoro.